Ẹ̀wà Àpò Kan Nínú Àká: Ètò Oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ fún Ilé Àgbẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé àgbẹ̀, nígbà tí a bá ti dáná tán ni a tó ń bi ara wa pé kí ni a ó jẹ. Bí owó díẹ̀ bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, a ó rán ọmọ lọ ra ẹran; bí kò bá sí, gàrí àti ọbẹ̀ ata lásán ni yóò jẹ́ oúnjẹ alẹ́. Ohun tí a fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí ni pé, fún àgbẹ̀, kì í ṣe ẹnu ààrò ni a ti ń ṣètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ìkórè bá wọlé ni, tí alájàpá sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò àti owó lọ́wọ́. Èyí tí ẹ bá tà lọ́jọ́ náà àti èyí tí ẹ bá fi pamọ́ ni yóò sọ bí àwọn ọmọ yín yóò ti jẹun ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú náà kò ṣàjèjì sí wa. Láti nǹkan bí ọdún 1912, nígbà tí ojú irin tí ó ti Èkó gba Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá ti pàdé ojú irin Baro sí Kano níbẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá ti ń tẹ̀dó sí Minna. Wọn kò gbàgbé àmàlà àti ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ bí a ti ń jẹ tùwó lọ́dọ̀ àwọn Hausa, wọ́n sì ń jẹ iṣu àwọn Gbagyi àti ìrẹsì àwọn Nupe. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ Ọjà Kure tàbí Ọjà Gwari, yóò rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ̀yin náà ń gbìn: iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ilá àti ata. Ohun tí ilé kan lè fi ṣètò oúnjẹ ní Minna, ilé mìíràn lè fi ṣe é ní Ṣakí tàbí ní Ọ̀fà.

Ohun mìíràn tún wà tí a fi yan Minna. Òjò ibẹ̀ kì í pín sí méjì bí ti Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá ni òjò ń rọ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ a gbẹ. Ẹ̀wà a máa wọlé ní oṣù Kẹwàá àti oṣù Kọkànlá, ọkà bàbà a sì tẹ̀lé e. Àkókò yẹn gan-an ni owó ilé-ẹ̀kọ́ àti gbèsè ajílẹ̀ ń dúró de àgbẹ̀. Gbogbo wọn a máa tà lẹ́ẹ̀kan náà, iye owó a sì wálẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa di oṣù Kẹfà, tí iṣu tuntun kò tíì wọ ọjà, tí àgbàdo kò tíì gbó, àgbẹ̀ tí ó ta ẹ̀wà náà ni yóò tún gbé abọ́ lọ ra á padà ní kóńgò kọ̀ọ̀kan, ní iye tí ó bá wu ẹni tí ó tà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kíṣì, Ìgbòho àti agbègbè Ìlọrin mọ ohun tí à ń wí dáradára.

ÌDAJÌ KÍLÒ Ẹ̀WÀ

Gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì pé oúnjẹ pín sí èyí tí ń fún ni lágbára, èyí tí ń mú ara dàgbà àti èyí tí ń dáàbò bo ara. A kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ. Èyí tí ń fún ni lágbára kò ṣòro fún àgbẹ̀, nítorí pé iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ìrẹsì kún oko. Èyí tí ń dáàbò bo ara ni ẹ̀fọ́ àti èso, a ó sì dé ibẹ̀. Èyí tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni ni èyí tí ń mú ara dàgbà, tí àwọn dókítà ń pè ní purotéènì, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé inú ẹran nìkan ni ó wà.

Ẹ wo bí ó ti rí. Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, purotéènì tó nǹkan bí gíráàmù 23. Ti ẹ̀pà tó 25. Ti ẹ̀wà sóyà tó 36, ó sì tún ní òróró nínú. Ẹran màlúù tútù tí kò ní eegun kò ju nǹkan bí 20 lọ. Àgbàdo ní bíi 9, ìrẹsì ní bíi 7. Ṣùgbọ́n iṣu tútù kò kọjá 2, gàrí kò sì ju 1 àti díẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wí pé ilé kan ní Minna ní baba, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 14, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún 2. Àgbàlagbà kan nílò purotéènì tí ó tó nǹkan bí gíráàmù 50 lóòjọ́. Ti ọmọdé kéré sí i gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ ti tó. Bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, ilé náà nílò nǹkan bí gíráàmù 200 lóòjọ́. Ìdajì kílò ẹ̀wà yóò pèsè 115 nínú rẹ̀, èyí tí ó ju ìdajì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ rí 115 yìí láti ara ẹran, ẹ gbọ́dọ̀ ra ẹran tí ó ju ìdajì kílò lọ, kí eegun kankan má sì sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ mọ iye tí alápatà ìlú yín ń gbà. Ẹ fi wé iye ẹ̀wà, kí ẹ sì rántí pé ẹ̀wà a máa wú nínú ìkòkò, ẹran a sì máa sún kì.

Bí ilé náà bá se ìdajì kílò ẹ̀wà nígbà mẹ́rin lọ́sẹ̀, kílò méjì ni yóò lò. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún. Nítorí náà kílò 104 ni gbogbo rẹ̀. Àpò kan ni ìyẹn, ẹ̀yin ará. Àpò ẹ̀wà ọlọ́gọ́rùn-ún kílò kan péré, pẹ̀lú kóńgò mẹ́ta lé, ni ó wà láàárín ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà yìí àti ọdún kan tí wọn yóò fi máa jẹ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó kórè àpò mẹ́fà, tí ó ta márùn-ún, ti ṣètò oúnjẹ ilé rẹ̀ kí ó tó tẹ̀síwájú. Èyí tí ó ta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò tíì ṣètò ohunkóhun, bí ó ti wù kí owó pọ̀ tó lápò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan baálé àti ìyàwó pọ̀. Bí ìyá ilé bá wí pé, "Bàbá Adé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé àpò ti igun yẹn," kí baálé má rò pé ó ń dá sí ọ̀rọ̀ owó. Òun ni ó mọ iye ìgbà tí ìkòkò máa ń gòkè. Ó tilẹ̀ dára kí a fi ẹfun sàmì sí àpò náà, kí gbogbo ilé mọ̀ pé kì í ṣe ti títà.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ kíyè sí nínú iye tí a kà sókè yìí. Ọjọ́ tí ilé bá jẹ tùwó àgbàdo tàbí ìrẹsì, ọkà náà fúnra rẹ̀ ti mú purotéènì tí kò kéré wá. Ọjọ́ tí ó bá jẹ ẹ̀bà, láfún tàbí àmàlà, kò mú nǹkan kan tí ó tó nǹkan wá. Nítorí náà ọjọ́ ẹ̀bà ni ó yẹ kí ọbẹ̀ nípọn jù lọ. Ohun tí à ń ṣe ní ilé wa lòdì sí èyí pátápátá: ọjọ́ tí kò sí owó ni à ń jẹ ẹ̀bà, ọjọ́ náà náà sì ni ọbẹ̀ ń ṣàn jù.

ỌKÀ ÀTI Ẹ̀WÀ NÍNÚ ÀWO KAN

Purotéènì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí a ti ń fi oríṣiríṣi igi àti èèkàn kọ́ àgọ́ oko, bẹ́ẹ̀ ni ara ń fi oríṣiríṣi ègé kéékèèké kọ́ ẹran ara. Bí oríṣi kan bá wọ́n, iṣẹ́ yóò dúró níbẹ̀, bí àwọn yòókù tilẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì ní ègé kan tí ó wọ́n nínú wọn, ṣùgbọ́n tí ó pọ̀ nínú ẹ̀wà. Ẹ̀wà náà ní èyí tí ó wọ́n nínú tirẹ̀, tí ọkà sì ní í. Bí a bá jẹ méjèèjì pọ̀, ọ̀kan a dí àlàfo èkejì, àǹfààní wọn a sì sún mọ́ ti ẹran.

Àwọn ìyá wa kò ka ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Àwọn ni wọ́n ń fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ, tí wọ́n ń fi mọ́ínmọ́ín jẹ ògì, tí wọ́n ń se ẹ̀wà àti àgbàdo pọ̀ tí wọ́n pè é ní àdàlú. A ti ń pe àdàlú ní oúnjẹ tálákà láti ọjọ́ yìí wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oúnjẹ ọlọ́rọ̀ kan tí ó fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ fún ọmọ tí ń dàgbà.

BÍ Ọ̀SẸ̀ KAN TI LÈ RÍ

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ti ń lọ, tí ẹ̀wà àti ọkà ṣì wà nínú àká, tí ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ sì ń ti etí odò Chanchaga wọ ọjà Minna. Òfin kan ṣoṣo ni a tẹ̀lé: kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ amúdàgbà kan tí yóò jẹ́ olórí rẹ̀, kí a sì ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ náà tó mọ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọmọ kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọwọ́ wọn sì wà nílẹ̀ fún bíbo ẹ̀wà, àkàrà àti ẹ̀kọ ni yóò wáyé. Lálẹ́ ni a lè jẹ iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò, kí a sì fi ẹran ọ̀sẹ̀ náà sí i. Bí owó ẹran kò bá ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀, kí ó lè kárí, dípò kí ó jẹ́ ègé ńlá mẹ́ta fún ẹni mẹ́fà.

Ọjọ́ Ajé ni ti wàrà sóyà. Àwọn obìnrin ń dín in tà kiri ní Minna, awárá ni àwọn Hausa ń pè é, ṣùgbọ́n owó kò ní tán lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń ṣe é fúnra rẹ̀. A ó rẹ ẹ̀wà sóyà mọ́jú, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó gbé omi rẹ̀ tí ó funfun bíi wàrà kaná títí yóò fi hó dáadáa. Lẹ́yìn náà a ó da omi kíkan tí ó ti orí ògì jáde sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dì. A ó sẹ́ ẹ sínú aṣọ, a ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́, a ó gé e, a ó sì dín in tàbí kí a jù ú sínú ọbẹ̀ ilá láti fi jẹ tùwó. Ẹ má ṣe fi hó yẹn ṣeré. Ẹ̀wà sóyà tútù ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ẹni. Iná ni ó ń pa á. Èérí rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ adìyẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àdàlú. Kí a rẹ ẹ̀wà àti àgbàdo náà mọ́jú kí a sì da omi rẹ̀ nù, nítorí pé igi ìdáná tí a kò fi sun jẹ́ owó tí ó kù sápò, inú kò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́. Bí ó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, a gbọ́dọ̀ tún un sè kí ó hó, ooru Minna kì í ṣàánú ẹ̀wà.

Ọjọ́rú a lè sinmi kúrò lórí ẹ̀wà. Iṣu sísè ní ọ̀sán, kí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lálẹ́ pẹ̀lú ẹja kéékèèké gbígbẹ, àwọn tí a lè lọ̀ tegungun-tegungun. Eegun yẹn dára fún eyín àti egungun ọmọ ju ẹja ńlá tí a bọ́ eegun rẹ̀ sọnù lọ. Ẹ̀gúsí kì í ṣe ohun tí a fi ń mú ọbẹ̀ ki lásán. Bí ẹ̀pà ni ó ti kún fún purotéènì àti òróró.

Àmàlà ni ti Ọjọ́bọ̀. A ti wí pé àmàlà kò mú purotéènì púpọ̀ wá, nítorí náà gbẹ̀gìrì ni yóò bá a rìn, pẹ̀lú ewédú. Kí gbẹ̀gìrì náà ki. Ọjọ́ Ẹtì, tùwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀pà, bí àwọn ará òkè ọya ti ń ṣe é. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí gbogbo ilé lọ sí oko, gàrí rírẹ àti ẹ̀pà ni a ó mú lọ, ṣùgbọ́n ìkòkò ẹ̀wà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ de wa ní alẹ́, kí gàrí ọ̀sán má baà jẹ́ gbogbo ohun tí ọjọ́ náà rí.

Ògì òwúrọ̀, ẹ fi ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná sí i. Èso tí ó bá wà lásìkò ni kí a jẹ: ní Minna, láti oṣù Kẹta ni máńgòrò ń bẹ̀rẹ̀, tí ó ń bọ́ sílẹ̀ tí ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń fi owó ra ohun mímu aláwọ̀ pupa inú ike fún ọmọ lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́.

ÀWO ỌMỌDÉ

Ètò yìí kò wúlò bí kò bá dé àwo ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù. Ní ilé púpọ̀, baba ni ó ni ẹran, ìyá ni ó ni egungun, ọmọ ni ó ni omi ọbẹ̀. A sì tún ń sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹyin kan ní purotéènì tó gíráàmù 6, èyí tí ó tó ìdajì ohun tí ọmọ ọdún méjì nílò lóòjọ́. Àwọn adìyẹ tí ń jẹko kiri àgbàlá yín ń yé e lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́jà kí a fi ra ṣúgà.

Ọmọ tí ó wà nínú ewu jù ni èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí, ni ó kọ̀wé ní 1933 nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn Ga ń pè é hàn fún ayé: kwashiorkor, àrùn tí ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Àwọn tí ó rí ogun abẹ́lé wa, láti 1967 sí 1970, kò lè gbàgbé orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ogun bá jà. Ìyá lóyún òmíràn, ó já èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọmú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní ògì lásán ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ikùn ọmọ kéré, omi ni ó pọ̀ jù nínú ògì. Ó yó, kò sì jẹun.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Dókítà David Morley bẹ̀rẹ̀ sí wọn àwọn ọmọdé ìlú náà lóòrèkóòrè ní 1957, ó sì ń fi ìwọ̀n wọn sórí káàdì kan tí ó ní ìlà. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń lò ní ilé ìgbẹ̀bí àti ibùdó ìlera títí di òní, ibi púpọ̀ ní ayé sì ti tẹ̀lé e. Ohun tí ó fi hàn ni pé kì í ṣe ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú ni ebi bẹ̀rẹ̀. Ìlà náà yóò ti kọ́kọ́ dúró láìgòkè mọ́, fún oṣù kan, fún oṣù méjì, nígbà tí ọmọ ṣì ń ṣeré. Bí nọ́ọ̀sì bá fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ hàn yín, kí ẹ lọ wo àká yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oṣòdì ní Èkó, tí a mọ̀ sí FIIRO, ti ṣe ògì tí a fi ẹ̀wà sóyà lú. Ẹ lè ṣe tiyín nílé. Ẹ rẹ ìwọ̀n àgbàdo mẹ́ta bí ẹ ti ń rẹ ẹ́ fún ògì. Ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ se ìwọ̀n ẹ̀wà sóyà kan fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bo èèpo rẹ̀, ẹ dà á pọ̀ mọ́ àgbàdo, kí ẹ sì lọ̀ wọ́n pọ̀. Kí ìyá pò ó kí ó ki, kí ó fi epo pupa ṣíbí kékeré kan sí i. Láti 1908 ni a ti mú ẹ̀wà sóyà wá sí Moor Plantation ní Ìbàdàn; ó pẹ́ kí a tó mọ ohun tí a ó fi ṣe. Àwọn obìnrin òkè ọya tí ó fi í ṣe irú ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn wa. Lónìí Ilé-Ìwádìí Ìjọba Àpapọ̀ lórí Oúnjẹ Oníhóró ní Badeggi, lẹ́bàá Bida, tí kò jìnnà sí Minna, ní ẹ̀wà sóyà lára àwọn irúgbìn tí ó ń ṣe ìwádìí lé lórí.

Ẹ̀FỌ́ ÀTI EPO

A kò ní pẹ́ níbí. Ẹ̀fọ́ gbọ́dọ̀ wà lójoojúmọ́, ì báà ṣe tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀, gbúre, ewé ẹ̀wà tútù tàbí èyí tí àwọn Hausa ń pè ní zogale. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Àṣà wa tí a fi ń bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ̀, tí a fún un gbẹ, tí a da omi rẹ̀ nù, a máa da fítámì rẹ̀ nù pẹ̀lú. Ewé ẹ̀gẹ́ àti ewúro ni ó tọ́ kí a bọ̀. Epo pupa kún fún èròjà tí ń di fítámì A nínú ara, èyí tí ojú ń fi ríran lóru. Bí a bá yọ́ epo títí tí ó fi funfun, èròjà náà ti jóná. Kí ìyẹn jẹ́ ti ọjọ́ àjọ̀dún. Ibi tí omi ìwẹ̀ àti omi àfọ̀dà bá ń ṣàn sí lẹ́yìn ilé tó fún ebè ẹ̀fọ́ méjì ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀.

BÍ ÀPÒ NÁÀ YÓÒ TI DÉ OṢÙ KẸJỌ

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni yóò wí pé òun kò kọ̀ láti fi ẹ̀wà pamọ́, kòkòrò ni kò jẹ́. Òótọ́ ni. Inú oko ni kòkòrò ẹ̀wà ti ń yé ẹyin sára èso kí a tó kó o wálé, láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ó lè sọ àpò kan di ìyẹ̀fun. Nítorí ìbẹ̀rù yìí ni àwọn kan fi ń da oògùn apakòkòrò olómi sí ẹ̀wà tí wọn yóò jẹ. Ẹ má ṣe é. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa rẹ̀. Májèlé ni, sísè kò sì sọ ọ́ di oúnjẹ.

Ohun tí ó ń pa kòkòrò láìlo oògùn ni àìrí afẹ́fẹ́ mí. Ní Kamẹrúùnù, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ni àwọn olùwádìí ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bá àwọn ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àpò onípele mẹ́ta: ọ̀rá nínípọn méjì nínú, àpò híhun kan lóde. Wọ́n ń tà á ní Nàìjíríà báyìí, PICS ni wọ́n ń pè é. Ẹ sá ẹ̀wà gbẹ dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀, ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún un sá. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kí ẹ mọ̀ pé kò jò. Ẹ da ẹ̀wà sí i, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ọ̀rá ti inú pinpin, lẹ́yìn náà ẹ so èkejì, kí ẹ tó wá so àpò lóde. Ẹ gbé e sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri, kí ẹ sì lé eku jìnnà.

Àṣìṣe tí a sábà máa ń ṣe ni pé a ń tú àpò náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bu ti oúnjẹ. Afẹ́fẹ́ a wọlé, kòkòrò a sọjí. Ó sàn kí ẹ lo àpò kékeré méjì dípò ńlá kan, kí ẹ sì da ti oṣù kan sínú kẹ́ẹ̀gì ike tí ó ní ìdérí tí ó fún. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 yóò gba ju ti oṣù méjì lọ fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà wa yẹn. Ẹ kún un dé ẹnu, kí àyè má ṣẹ́kù fún afẹ́fẹ́.

Ẹ̀pà àti àgbàdo ni kí ẹ ṣọ́ra fún èbu lára wọn. Èyí tí ó bá ti bu, tàbí tí ó ti ń korò lẹ́nu, ẹ má ṣe lọ̀ ọ́ fún ọmọ, ẹ má sì rò pé yíyan yóò mú májèlé rẹ̀ kúrò.

Bí ìwé yìí bá wá dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn tí ẹ ti ta gbogbo ẹ̀wà tán, ọ̀nà ṣì wà. Ilé méjì tàbí mẹ́ta lè da owó pọ̀ ra odindi àpò nísinsìnyí, kí wọ́n pín in, dípò kí oníkálukú máa ra kóńgò kọ̀ọ̀kan títí oṣù Keje. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tí ó wà nítòsí yín nípa àwọn irú ẹ̀wà tí ó máa ń gbó láàárín 60 sí 70 ọjọ́. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níwọ̀nba ilẹ̀ tí ẹ lè máa wò lójoojúmọ́, kí ẹ sì da èso àkọ́kọ́ tí ó bá gbẹ sínú kẹ́ẹ̀gì kí alájàpá tó gbọ́ pé ẹ gbin ẹ̀wà rárá.